Nígbà Tí Odò Kérítì Gbẹ

Ẹsẹ kan wà nínú ìtàn Èlíjà tí mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wàásù lé lórí. Ó wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 17, ẹsẹ 7. Ohun tó sọ kò ju pé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, odò náà gbẹ, nítorí pé òjò kò rọ̀ ní ilẹ̀ náà.

Ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ ni gbogbo wa fẹ́ràn. Àwọn ẹyẹ ìwò ń gbé àkàrà àti ẹran wá fún wòlíì láàárọ̀, wọ́n tún ń gbé e wá nírọ̀lẹ́, òun sì ń mu omi odò Kérítì. A ti kọ ọ́ lórin, a ti ya àwòrán rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní ẹsẹ 7 yẹn. Ta ló ní kí Èlíjà lọ síbẹ̀? Ọlọ́run ni. Ta ló sọ fún un pé omi odò yẹn ni yóò máa mu? Ọlọ́run náà ni. Ta ló wá dúró níwájú Áhábù ọba Ísírẹ́lì tó sọ pé kò ní sí ìrì tàbí òjò? Èlíjà fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run fi sí i lẹ́nu ló padà wá gbẹ omi tí ó ń mu. Mo máa ń rò ó bí yóò ṣe jókòó sí etídò lójoojúmọ́ tí yóò máa wò ó: lónìí omi mù ún dé kókósẹ̀, lọ́la òkúta ti ń yọrí, títí gbogbo rẹ̀ fi di ẹrẹ̀. Bíbélì kò sọ pé ó ṣẹ̀. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ dín kù. Odò sáà gbẹ.

Odò tèmi gbẹ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan. Wọ́n pe àwa mẹ́jọ sínú yàrá ìpàdé, wọ́n fún kálukú ní lẹ́tà, ọ̀gá tó ń bá wa sọ̀rọ̀ kò sì gbójú sókè wò wá. Ọdún 11 ni mo ti wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ààwẹ̀ àti àdúrà gbà ni, a sì ṣe ìdúpẹ́ nígbà tí mo rí i. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí wọra nìyẹn. Ká ní agbára ara mi ni mo fi wá iṣẹ́ náà, ǹ bá ní èèyàn ló fún mi, èèyàn ló gbà á. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo ìjọ ni mo ti sọ pé Ọlọ́run ló fún mi. Ta wá ni kí n sọ pé ó gbà á?

Oṣù 14 ni mo fi jókòó sílé.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò le. Mo ṣì ní owó díẹ̀ ní báńkì, ìgbàgbọ́ mi sì ga bí òkè. Ẹni tó bá béèrè àlàáfíà mi, “Olúwa ń ṣe é” ni mò ń dáhùn, ohùn mi á sì ròkè. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé owó báńkì ló ń gbẹnu mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, mo ti ń dojú fóònù bolẹ̀ kí n má baà rí orúkọ ẹni tó ń pè. Mo ń dé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn tí ìsìn bá ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ń yọ́ jáde kí a tó ka oore-ọ̀fẹ́, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ṣé wọ́n ti pè yín?” Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń bi mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́, igbe kan náà ni yóò ké.

Òru ló burú jù. Lọ́sàn-án, èèyàn á rí ilẹ̀kùn tún ṣe, á rí ọmọ bá sọ̀rọ̀. Lóru, ìṣirò nìkan ló kù. Èmi á ro owó ilé mọ́ owó ilé ẹ̀kọ́, màá yọ èyí tó wà lọ́wọ́ kúrò, màá tún un rò bóyá mo ṣì í. Mi ò ṣì í.

Inú àwọn òru yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ẹ́kísódù orí 16 lákàtúnkà, nítorí pé ìṣirò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òṣùwọ̀n ómérì kan mánà, oúnjẹ tí Ọlọ́run ń rọ̀ sílẹ̀ fún Ísírẹ́lì nínú aginjù, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, èyí tó tó nǹkan bíi lítà 2. Ẹni tó bá fi mánà sílẹ̀ di òwúrọ̀, yóò bá ìdin nínú rẹ̀, yóò sì máa rùn. Tẹ́lẹ̀, ojú ọlọ́kànjúà ni mo fi ń wo àwọn tó tọ́jú tiwọn di ọjọ́ kejì yẹn. Àṣé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹrú ni wọ́n ní Íjíbítì títí di oṣù tó kọjá lọ́hùn-ún. Ẹni tó ti ṣe ẹrú kò lè gbọ́kàn lé ọ̀la, nítorí ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọ̀la rẹ̀ máa ń wà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run wá ní kó sùn láìsí nǹkan kan nínú ìkòkò, kó gbà pé ilẹ̀ yóò mọ́, oúnjẹ yóò sì wà ní ìta. Lójú tèmi o, oorun sísùn ni Ọlọ́run ń fi mánà kọ́ wọn. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

(Kí ẹnikẹ́ni má sì fi orí yẹn bú ẹni tó ń tọ́jú owó. Ní ọjọ́ kẹfà, ìlọ́po méjì ni wọ́n kó, wọ́n tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi, kò rùn, kò sì ní ìdin. Àwọn tó ń sọ pé àìnígbàgbọ́ ni kéèyàn fi owó pamọ́ kò kà á dé ìparí.)

Ọ̀nà kan náà ni Àdúrà Olúwa gbà. “Fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí.” Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a túmọ̀ sí òòjọ́ níbẹ̀, epiousios, ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀: àwọn kan ní ti òní ni, àwọn kan ní ti ọjọ́ tó ń bọ̀ ni, àwọn kan ní èyí tó tó wa ni. Láti kékeré ni mo ti ń sáré kọjá nínú àdúrà yẹn. Ní oṣù keje tí mo ti wà nílé, mi ò lè débẹ̀ kí n má dákẹ́. Owó ọdún kan ni mo ń tọrọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè fi Ọlọ́run sílẹ̀ kó sinmi, kí èmi náà sinmi. Kò fún mi. Ohun tó ń wá, ó ń wá ní ìwọ̀n ọjọ́ kan, nígbà mìíràn ní ìwọ̀n wákàtí díẹ̀ kí ìtìjú tó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Èlíjà. Nígbà tí odò gbẹ, Ọlọ́run ní kó dìde, kó lọ sí Sárefátì ti àwọn ará Sídónì, òun ti pàṣẹ fún opó kan níbẹ̀ láti máa bọ́ ọ. Ẹ wo ilẹ̀ tí a rán an lọ. Jésíbẹ́lì aya Áhábù, tó ń pa àwọn wòlíì Ọlọ́run, ọmọ ọba Sídónì ni. Ilẹ̀ bàbá Jésíbẹ́lì ni oúnjẹ Èlíjà wà! Ẹyẹ ìwò tó sì kọ́kọ́ ń bọ́ ọ, ó wà lára àwọn tí Léfítíkù orí 11 ní kí Ísírẹ́lì kà sí ohun ìríra. Ó dà bíi pé Ọlọ́run mọ̀ọ́mọ̀ ń yan ọwọ́ tí wòlíì kò ní fẹ́ gbà á. Opó náà kò tiẹ̀ dà bí ẹni tó mọ̀ pé a ti pàṣẹ kankan fún òun. Igi ló ń ṣà, kó lè se ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun tó kù, kí òun àti ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́, kí wọ́n kú.

Ní oṣù kẹsàn-án, ẹnì kan gbé ìtàn opó yìí wá bá mi. Ó ní kí n kó ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ mi, kí n fi gbin irúgbìn sínú iṣẹ́ òjíṣẹ́ tirẹ̀, bí opó yẹn ṣe kọ́kọ́ ṣe àkàrà kékeré fún Èlíjà. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í wo irú igi tó fẹ́ dì mú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Ìyàwó mi ló bi mí pé, “Lẹ́yìn tí Èlíjà jẹ àkàrà yẹn tán, ẹ jọ̀ọ́, ibo ló gbà lọ?”

Mo ṣí Bíbélì. Kò lọ síbì kankan. Obìnrin náà, Èlíjà àti agbo ilé obìnrin náà jọ jẹ ẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ ni. Wòlíì tó gba oúnjẹ opó, inú ilé opó ló ń sùn. Bí ìkòkò yẹn bá gbẹ, ebi yóò pa òun náà. Mo pe arákùnrin náà, mo ní mo ti gbọ́, àmọ́ kó kó ẹrù rẹ̀ wá kó máa bá wa gbé. Kò pè mí mọ́.

Ìkòkò ìyẹ̀fun náà kò ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni kólòbó òróró náà kò gbẹ. Kò sí ibi tí a ti kà pé ìkòkò náà kún. Ní gbogbo àárọ̀ tí obìnrin yẹn bá ṣí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìsàlẹ̀ ni yóò máa bá a.

Ẹyẹ ìwò tèmi jẹ́ ọmọkùnrin kan tí mo ti ṣe ọ̀gá rẹ̀ rí, tí mi ò sì ṣe dáadáa sí. Nígbà tó wà lábẹ́ mi, mo bú u níwájú gbogbo èèyàn nítorí àṣìṣe tó padà hàn pé kì í ṣe tirẹ̀, mi ò sì bẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, ó pè. Mo gbé fóònù náà nítorí pé mi ò dá nọ́ńbà tuntun rẹ̀ mọ̀. “Ọ̀gá, ẹ má bínú pé mi ò tètè pè. Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́, sà.” Mo ní kó má ṣèyọnu. Ó ní, “Ẹ ṣáà fi ránṣẹ́, ọ̀gá.” Owó ilé oṣù yẹn ni ó fi ránṣẹ́. Ó tún fi ránṣẹ́ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àti òmíràn, láìjẹ́ pé mo béèrè.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ẹkún ayọ̀ kọ́. Mo ti to orúkọ àwọn tí Ọlọ́run yóò lò sínú ọkàn mi: àwọn tí mo ti yá lówó, àwọn tí mo bá wá iṣẹ́, àwọn tí oore mi wà lọ́rùn wọn. Mo ti bá a ṣètò ọ̀nà náà, kó ṣáà rìn ín ló kù. Nínú gbogbo wọn, ẹni méjì péré ló pè mí. Ìgbéraga mi ì bá fẹ́ kí owó já bọ́ láti ọ̀run tààrà, kí n má baà jẹ ẹ̀dá kankan ní gbèsè ọpẹ́. Ṣùgbọ́n mánà pàápàá, ọ̀run nìkan kọ́ ló ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń bẹ àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n dáwó fún àwọn tálákà tó wà ní Jerúsálẹ́mù, ìtàn mánà yẹn gan-an ló fà yọ: ẹni tó kó púpọ̀ kò ní àjẹkù, ẹni tó kó díẹ̀ kò ṣe aláìní. Nínú aginjù, òṣùwọ̀n ló mú kó ṣe déédéé. Ní Kọ́ríńtì, àpò àwọn ará ni Pọ́ọ̀lù ń retí pé kó ṣe é. Ìyẹn wá túmọ̀ sí pé nínú ọdún 11 tí mo ń gbowó oṣù, àfàìmọ̀ kí oúnjẹ òòjọ́ ẹlòmíràn máà wà lọ́wọ́ mi tí mo sì jókòó lé e.

Ohun kan wà tí mi ò mọ̀ pé ìyàwó mi ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo ohun tó ń wọlé sí: ọjọ́, ohun tó jẹ́, ẹni tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ó dájú pé kì í ṣe torí kó lè fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ ẹni tí a ó san oore fún lọ́la ni. Ó rán mi létí George Müller, ọmọ Jámánì tó lọ ń gbé ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣí ilé fún àwọn ọmọ aláìlóbìí ní 1836. Ó lé ní 10,000 ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ tọ́jú kó tó kú ní 1898, kò sì tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ nípa rẹ̀ ni àdúrà rẹ̀. Èyí tí èmi fẹ́ràn ni pé ó ń kọ àkọsílẹ̀ owó tó ń wọlé, kékeré àti ńlá, ó sì ń gbé e jáde fún aráyé kà lọ́dọọdún. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ni ó ń fún òun, kò yẹ kó máa bẹ̀rù láti kà á.

Ìyàwó mi fún mi ní ìwé náà nígbà tí mo ríṣẹ́ tán. Mo jókòó, mo kà á tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn ọjọ́ kan wà tó kọ déètì sí tí kò kọ nǹkan kan sí iwájú rẹ̀. Mo kà wọ́n, 31 ni. Ọjọ́ 31 tí nǹkan kan kò wọlé. Mo gbìyànjú láti rántí ohun tí a jẹ láwọn ọjọ́ náà, mi ò rántí. Mo bi í, òun náà kò rántí. A wà láàyè ní gbogbo wọn, àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹnikẹ́ni kò dákú. Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Màlúù náà kì í sábà rí ọwọ́ tó ń lé e.

Ǹ bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ dúró síbí, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́. Arákùnrin kan wà tí a jọ ń gbàdúrà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé ní àkókò kan náà. Èmi ń tọrọ iṣẹ́, òun ń tọrọ owó ìtọ́jú ìyàwó rẹ̀. Owó náà pé. Ó pé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú. Títí di òní, mi ò ní àlàyé kankan fún un, mo sì ti pinnu pé mi ò ní wá ọ̀kan. Mo ti gbọ́ àwọn tó ṣe àlàyé fún un. Mo rí ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Nítorí rẹ̀ ni mi ò fi lè sọ ọ̀rọ̀ ìpèsè Ọlọ́run bí ẹni ń sọ òfin ìṣirò mọ́. Pọ́ọ̀lù tó sọ fún àwọn ará Fílípì pé Ọlọ́run yóò pèsè gbogbo àìní wọn, inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ ọ́, òun kan náà ló sì kọ̀wé sí Kọ́ríńtì pé òun ti wà nínú ebi àti òǹgbẹ, nínú òtútù àti ìhòòhò. Kò rí i pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Wòlíì Hábákúkù ka nǹkan mẹ́fà tó lè tán: ọ̀pọ̀tọ́ láìtanná, àjàrà láìléso, ólífì tó já èèyàn kulẹ̀, oko láìmú oúnjẹ wá, agbo láìsí àgùntàn, ibùso láìsí màlúù. Ó ní síbẹ̀ òun yóò yọ̀ nínú Olúwa. Ìwé rẹ̀ parí ní ẹsẹ kan sí i. Kò padà wá sọ fún wa bóyá igi kankan so.

Arákùnrin yẹn ṣì ń wá ní àárọ̀ Sátidé. Ó tó ọdún kan tí kò gbàdúrà sókè. Ó máa ń jókòó síbi àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bí a bá ṣe àmín tán, á kó àwọn àga jọ. Bí ẹ bá ní kí n fi ìgbẹ́kẹ̀lé han ẹnì kan, èmi ò ní mú yín wá síwájú ara mi tí mo ríṣẹ́.

Iṣẹ́ tí mo rí kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ó sì jìn sí ilé. Ẹ̀rín ni mo rín nígbà tí mo ka Jóṣúà orí 5, ẹsẹ 12: ọjọ́ kejì tí wọ́n jẹ nínú èso ilẹ̀ Kénáánì ni mánà dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn 40 ọdún! Kò sí ìdágbére, kò sí ayẹyẹ. Ó kàn ṣe pé wọ́n jí, kò sí nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Oṣù tí mo gba owó àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́, bí ẹni pé ẹnì kan ti lọ pa iná.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbọ́ pé ibi iṣẹ́ ọmọkùnrin tó ràn mí lọ́wọ́ yẹn ti dá àwọn kan dúró, àti pé ó wà lára wọn. Mo mú fóònù. Gbogbo ẹsẹ Bíbélì tí mo ti kà láàárín òru ló wá sí mi lẹ́nu, Èlíjà, mánà, opó, gbogbo rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó gbé e, mo mọ ìdí tó fi pẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí mo bú u yẹn. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣì ń rántí?” Mo ní mo ń rántí. Mi ò bi í bóyá wọ́n ti pè é.